Ẹ̀yin ìyá oko tí nǹkan dé bá tẹ́ ẹ tún dìde: kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Tòmíwá (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀) · Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí láì dá sí i, àmọ́ ti òní kàn mí.

Awakọ̀ ni ọkọ mi. Ó pé oṣù mẹ́sàn-án báyìí tó kú lójú ọ̀nà. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìkejì ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti gbé ọkọ̀ lọ, wọ́n ní àwọn máa bá wa tà á. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí kọ́bọ̀. Ilé ìwé aládàáni kan ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Àkúrẹ́ níbí. Owó oṣù mi ò tó owó ilé àti oúnjẹ pa pọ̀, owó ilé sì máa pé lóṣù tó ń bọ̀. Màmá mi wà lóko lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró. Wọ́n ní ilẹ̀ wà, ẹ̀gẹ́ wà, kí n máa bọ̀. Ojú ń tì mí. Gbogbo abúlé ló jó lọ́jọ́ tí mo gba ìwé NCE mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ru ẹrù lórí gba àárín wọn kọjá padà?

Ohun tí mo fẹ́ bi yín rèé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé oko tàbí tí ìyá yín gbé oko. Nígbà tí nǹkan dé bá yín, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe? Ẹ má bínú o, kì í ṣe àdúrà ni mo ń wá. Pásítọ̀ wa ti gbà á, Àlùfáà tó kọjú sí ilé wa náà ti gbà á. Oṣù àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Kí lẹ jẹ? Kí lẹ tà? Ta lẹ lọ bá?

Ìbùkún Olúwa · 8:52 alẹ́

Àdúrà ni kọ́kọ́rọ́ o, ìyá mi. Bí ẹkún pẹ́ di alẹ́, ayọ̀ ń bọ̀ lówùúrọ̀. Ẹ ní sùúrù, sùúrù ni baba ìwà. Ọlọ́run opó ò sùn. Ẹ ṣe àmín.

Alákàrà Ìsinkàn · 8:55 alẹ́

Àmín. Àmọ́ ó ní òun ò wá àdúrà 😀

Ìyá Ìbejì Oǹdó · 9:31 alẹ́

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo rọra ń tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ bá mi mú sùúrù.

Ọdún 2009 ni ọkọ mi kú. Àwọn ìbejì ò tíì pé ọdún mẹ́ta, oyún sì wà nínú mi. Abúlé kan lọ́nà Ọ̀wẹnà la ń gbé. Ohun tó kó mi láyà jẹ jù kì í ṣe ebi. Gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn, orúkọ ọkọ mi ló ń jẹ́. Adìyẹ tí mo fi owó ara mi rà, "adìyẹ bàbá ìbejì" ni. Kó tó pé ogójì ọjọ́, adìyẹ ti tán.

Ẹ ní kí la kọ́kọ́ ṣe. Mo jókòó sílẹ̀, mo ka ohun tó kù. Mi ò fi ojú kà á o, ẹnu ni mo fi kà á, bí ẹni ń ka owó: ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó, ìkòkò mẹ́ta, agbada kan, àdá méjì, aṣọ òkè ìgbéyàwó mi. Mo ta aṣọ òkè yẹn. Mo sunkún títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á, mo sì gba owó mi. Owó yẹn ni mo fi ra ẹ̀gẹ́ tó ti gbó, lórí ìdúró, lọ́wọ́ bàbá kan tí apá rẹ̀ ò ká a mọ́.

Ẹnì kan á ní kí ló dé tí mi ò ṣe gàrí. Gàrí fẹ́ ẹ̀rọ. Ẹlẹ́rọ ò ní bi ẹ́ bóyá ọjà tà kó tó gba owó rẹ̀. Pupuru, ìyẹn oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín gbẹ, ò bèèrè ju omi, igi ìdáná àti apá ẹni lọ. Ẹ máa bó ẹ̀gẹ́, ẹ máa rẹ ẹ́ sómi ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, títí á fi rọ̀ débi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tí á wọlé. Ẹ máa ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, ẹ máa dì í sínú àpò, ẹ gbé òkúta lé e kí omi ro tán. Lẹ́yìn náà lẹ máa ṣù ú róbótó bí orí ọmọ kékeré, ẹ tò ó sórí àjà lókè iná. Iná àti èéfín ló máa gbẹ ẹ́. Ara rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ lò ó, ẹ ó fi ọ̀bẹ ha dúdú yẹn, inú á funfun, ẹ ó gún un, ẹ ó jọ̀ ọ́, ó di kí ẹ máa rò ó lórí omi gbígbóná.

Ìkánjú ló ba ti èmi àkọ́kọ́ jẹ́. Ọjọ́ kejì ni mo kó o kúrò lómi, torí owó ni mo ń rí lójú mi. Ó le bí òkò. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí kò bá pẹ́ tó lómi, oró inú rẹ̀ ò tíì jáde, mi ò lè fún ọmọ mi jẹ. Odindi apẹ̀rẹ̀ kan ni mo dà nù, gbogbo owó aṣọ òkè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ìkejì ni mo tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ta ni mo lọ bá? Mi ò lọ bá ẹbí ọkọ, mi ò lọ bá ẹbí tèmi. Obìnrin kan tó ti di opó ṣáájú mi ni mo lọ bá. Mo dé ibẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ní "jókòó, kọ́kọ́ jẹun ná." Ìgbà tí mo jẹun tán ló sọ̀rọ̀. Ó ní: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tó ò ń pa, àmọ́ jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ò ń ṣiṣẹ́.

Ti ojú tó ń tì yín, àwọn tó jó lọ́jọ́ NCE yín náà ń jẹ gbèsè. Ẹ máa bọ̀ jàre.

Ìyá Tòmíwá · 9:48 alẹ́

Mà, ẹ ṣé gan-an. Ibi aṣọ òkè yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀ ná. Tèmi náà wà nísàlẹ̀ àpótí.

Ọmọ Ìkálẹ̀ Pọ́nńbélé · 10:03 alẹ́

Mo kàn ní kí n rán yín létí pé Oǹdó nìkan kọ́ ló ni pupuru o. Ẹ wá sí Òkìtìpupa kẹ́ ẹ wá rí pupuru. Ẹ tún dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, kẹ́ ẹ wá fi ọbẹ̀ ẹja tútù jẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì Oǹdó · 10:05 alẹ́

Ẹ gbé ẹja yẹn wá, a ó jọ pín in. Opó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ń du pupuru.

Dàpọ̀ Ìdànrè · Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ni mo wà ní Ìdànrè. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí wọn létí lánàá, wọn ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ bí àwọn ṣe sọ ọ́, kí n má fi gírámà bà á jẹ́. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, òun ni mo ń tẹ̀ yìí:

"Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kòkó ni ọkọ tèmi fi sílẹ̀. Èmi àti ẹ̀ la jọ gbìn ín. Ó ń gbẹ́ ihò, mo ń fi orí ru ọmọ kòkó. A gbin ẹ̀gẹ́, a gbin kókò sáàárín ẹ̀, òun là ń jẹ fún ọdún mẹ́rin kó tó so. Ìgbà tó so, tí ọkọ mi sì lọ, àbúrò ọkọ mi dé. Ó ní obìnrin kì í ní igi. Mo ní ó dáa, mú mi lọ sí ààlà. Kò mọ ààlà. Èmi mọ pèrègún tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ẹni tó bá wa pààlà lápá ọ̀tún, mo mọ tòsì, mo ti fún ìyàwó àwọn méjèèjì níṣu rí. Àwọn tó bá wa pààlà ló jẹ́rìí mi níwájú àwọn ìjòyè. Ìwọ náà, tí nǹkan kan bá wà nílẹ̀ tí ọkọ rẹ ní, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún ẹ̀, lọ rìn ín. Mú ọmọ rẹ dání.

"Ìgbà tó yá ni wọ́n tú Bóòdù ìjọba tó ń ra kòkó ká. Owó kòkó gbéra, ẹni tó bá ti ní àpò àti òṣùwọ̀n ló ń ra kòkó. Òṣùwọ̀n wọn ń purọ́. Èmi ò mọ̀wé. Mo gbé ọmọ ọlọ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún mi lórí tiwọn, wọ́n sọ iye tó jẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ ra kòkó mi, màá ní kó kọ́kọ́ wọn ọlọ mi ná. Àwọn kan á bínú. Ẹni tó bá bínú sí ọlọ, olè ni."

Ọ̀rọ̀ wọn parí síbẹ̀. Ọdún 1986 ni ìjọba tú àwọn bóòdù ọjà oko ká, èmi ni mo fi ọdún sí i. Ọlọ náà ṣì wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ṣì fi ń lọ ata. Lọ́dún 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ́jà àgbáyé, àwọn ará ibí ń ra ọ̀kadà bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Páànù tuntun nìkan ni màmá rà. Ẹ wo bí owó kòkó ṣe tún já wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo mọ ẹni tó ti fi oko dógò lórí ọ̀kadà yẹn.

Akọ̀wé Kóòtù · 9:15 àárọ̀

Ìyá Tòmíwá, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti ọkọ̀ yẹn, nítorí gbogbo wa ti gbàgbé ẹ̀.

Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ló ń jogún bàbá, àtọkùnrin àtobìnrin. Ìyàwó ò sí nínú ìpín. Ibẹ̀ ni àwọn ẹbí ọkọ ti ń rí agbára. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ lọ sí rẹ́gísìrì, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, tẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, òfin ló máa pín ogún náà, ẹ̀yin fúnra yín ní ìpín. Tí kò bá sí ìwé, àwọn ọmọ yín méjèèjì ló ni ogún bàbá wọn, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Nítorí náà ẹ má lọ sọ pé "ọkọ̀ mi dà?" Ẹ ní "ọkọ̀ Tòmíwá àti àbúrò rẹ̀ dà?" Ẹ máa wo bí ohùn wọn ṣe máa yí padà. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wá ìwé ọkọ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wá ìwé ìbí àwọn ọmọ àti ìwé ikú bàbá wọn.

Tí wọ́n bá fẹ́ fi ìyà opó jẹ yín, òfin VAPP ti 2015, tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó náà sì ti ṣe tirẹ̀ ní 2021. Ẹ má lọ san owó lọ́yà kíákíá. Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó, FIDA tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin náà sì wà.

Bàbá Ọlọ́rọ̀ Gidi · 1:10 ọ̀sán

Òfin, òfin, òfin. Àwọn ìyá wa àtijọ́ ò mọ òfin, wọ́n fara dà á, ilé wọn sì tòrò. Obìnrin ayé ìsinsìnyí, ọkọ ò tíì tutù nílẹ̀, wọ́n ti dé kóòtù. Ẹ kọ́ ọmọ yìí ní ìfaradà.

Alákàrà Ìsinkàn · 1:26 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú ọ̀sán. Àwọn ìyá àtijọ́ wo? Ṣé ti Oǹdó, níbi tí ìtàn ti ní obìnrin, Púpùpú, ló kọ́kọ́ jọba? Ṣé Lobùn, ọba obìnrin tó ní ọwọ́ nínú fífi Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó, jẹ títí dòní? Àbí ti Àkúrẹ́ níbí, tó jẹ́ pé tí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin ọba ló ń jókòó gẹ́gẹ́ bí Adélé títí wọ́n á fi rí ọba tuntun? Àwọn ìyá àtijọ́ tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ ò bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú wọn ni.

Ìyá Ìbejì Oǹdó · 1:44 ọ̀sán

Alákàrà, ọ̀rọ̀ Lobùn dùn, àmọ́ Lobùn ò ní bá Ìyá Tòmíwá san owó ilé 😂

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Èmi ni mo wà nínú ìfaradà yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Sùúrù tó ṣe mí lóore ni ti pupuru. Mo mọ ìdí tí mo fi ń dúró, mo mọ ọjọ́ tí màá kó o kúrò lómi. Èyí tẹ́ ẹ ní kí n fara dà lọ́dọ̀ ẹbí ọkọ mi ńkọ́? Mo bi wọ́n pé títí dìgbà wo, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Tólúù Aláṣọ · 3:02 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí ẹ ò tíì sọ kún un. Ìyá Tòmíwá, láàárín oṣù yìí ẹnì kan máa wá sọ fún yín pé ilé ayánilówó kan wà, kò gba dúkìá, obìnrin márùn-ún ló ń dúró fún ara wọn, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ máa san án. Mo wọ̀ ọ́. Aṣọ Ànkárá ni mo fi owó náà rà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ dùn. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọmọ ọ̀kan nínú wa ṣàìsàn, kò rí owó san. Àwa mẹ́rin tó kù la san án. Ọ̀sẹ̀ keje, ó sá lọ. Àwọn agbowó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi láti aago mẹ́fà àárọ̀, wọn ò pariwo, wọ́n kàn jókòó. Gbogbo àdúgbò ń kí wọn. Mo ta Ànkárá náà ní ìdajì iye tí mo rà á.

Mi ò ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yáwó. Mo ní ẹ má yá owó ọ̀sẹ̀ ṣe òwò tí kì í pa owó lọ́sẹ̀. Ẹ̀gẹ́ á lò tó ọdún kan lórí ilẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fún wọn lọ́sẹ̀ kejì, ewé?

Àjọ ni kẹ́ ẹ dá, pẹ̀lú àwọn tẹ́ ẹ mọ ilé ìyá wọn. Ẹ gba nọ́ńbà ìkẹyìn tẹ́ ẹ bá lè mú un mọ́ra, torí ẹni tó gba ti àkọ́kọ́, gbèsè ló gbà. Kí owó má sì wà lójú kan. Ní oṣù kejì 2023 tí owó dàwátì, tí báńkì ò rí owó fún èèyàn, àwọn ìyá tó ní ẹ̀pà àti epo nílé ló jẹun. Èmi tí mo ní owó nínú fóònù, mo ń wo fóònù.

Ìyá Ìgbàrá-Òkè · 5:37 ìrọ̀lẹ́

Èmi ò mọ̀ọ́kọ gan-an. Ọmọ méjì ni mo pàdánù nínú ìbímọ nígbà yẹn, lóko. Mi ò lè jáde nílé fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbé ètò Abíyè dé Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wá aláboyún dé ilé, wọ́n fún wa ní fóònù ká lè pè wọ́n. Mo bí ìkẹta, ó wà láàyè, ó ti ga jù mí lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé nígbà tí mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ra, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wá lójoojúmọ́ wá gba ilẹ̀ iwájú ilé mi. Kò bá mi sọ nǹkan kan. Á gbálẹ̀, á lọ. Ìyá Tòmíwá, tí ẹnì kan bá fẹ́ bá yín gbálẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbá a.

Ìyá Tòmíwá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejì, 7:15 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n jíṣẹ́.

Mo lọ sóko lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti múra gbogbo àlàyé tí mo fẹ́ ṣe sílẹ̀, bí mi ò ṣe ní kúrò nígboro, bí ojú ṣe ń tì mí. Màmá mi wò mí títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní: "Ta ló ní kó o wá gbé ibí? Mo ní kó o máa bọ̀ wá ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì tẹ́ ẹ bá ti ilé ìwé, wọkọ̀. Ọjọ́ Àìkú, padà." Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń sá fún ohun tí wọn ò bá mi sọ. Ẹ̀gẹ́ wọn tó gbó wà lórí ilẹ̀, wọ́n ní kí n wà á, kí n fi igi rẹ̀ gbin òmíràn dípò.

Ti ọkọ̀: mo rí ìwé rẹ̀ nínú àpò kóòtù tó fi ń ròde. Ìwé ìgbéyàwó wa náà wà, ti rẹ́gísìrì. Mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo ní "ọkọ̀ Tòmíwá àti àbúrò rẹ̀" gẹ́gẹ́ bí Akọ̀wé ṣe ní kí n wí. Ó dákẹ́. Ó ní òun á pè mí padà. Ó pè mí padà, èyí tí kò ṣe rí. Wọ́n ní àwọn ti rí oníbàárà, kí n wá jókòó tí wọ́n bá fẹ́ gba owó. Màá mú ẹnì kan dání lọ.

Owó ilé ṣì kù díẹ̀. Mo ti bá onílé sọ̀rọ̀, ó gbà kí n san ìdajì ná. Aṣọ òkè ò tíì kúrò nínú àpótí, mo ń wò ó.

Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi márùn-ún ti ní àwọn máa ra pupuru tó bá délẹ̀. Mo ti rẹ apẹ̀rẹ̀ méjì sómi lóko, màmá kó o kúrò lónìí, wọ́n pè mí pé àwọn fẹ́ ṣù ú.

Ìyá Ìbejì Oǹdó · 7:19 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́! Inú mi dùn. Ọjọ́ kélòó ló pé lómi?

Ìyá Tòmíwá · 7:21 alẹ́

Ọjọ́ Àìkú la rẹ ẹ́ mà. Màmá ní ó ṣì le díẹ̀ nínú, àmọ́ mo ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kó lè délẹ̀ kí oṣù tó parí.

Ìyá Ìbejì Oǹdó · 7:21 alẹ́

Ẹ pe màmá báyìí. Kí wọ́n dá a padà sómi.

Ọmọ Ìkálẹ̀ Pọ́nńbélé · 7:30 alẹ́

Mo ti ní kẹ́ ẹ wá kọ́ ọ ní Òkìtìpupa.